Rẹ̀kọ́dà Inú Ìborùn Ìyá

"Kámẹ́rà tó tó orí màlúù yìí ni ìwọ ń sọ pé kò létí! Gbọ́njúbọ́lá, ojú ẹ le o! Kámẹ́rà tó ti ká ìsìnkú olóyè, tó ti ká ìkómọ àti ìṣílé láti Ẹgbẹ́dá títí dé Ajíbọ́dè, òun ni kò létí lójú tìẹ!"

Ìyàndá ló ń pariwo láàárín àgbàlá ilé ìyá rẹ̀ ní Erúnmu, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó ti gbé kámẹ́rà náà ka orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì fi ọwọ́ bò ó lórí bí ìgbà tí bàbá bá ń fi ọwọ́ bo orí ọmọ rẹ̀ nínú òjò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń bá wí jókòó lórí àpótí nítòsí àga ìyá wọn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fi etí ìró nu nǹkan dúdú kan tí kò ju páálí ìṣáná méjì tí wọ́n tò léra lọ. Rẹ̀kọ́dà ni.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní kò létí. Etí ẹ̀ jìnnà sẹ́nu Ìyá ni mo sọ. Ojú kámẹ́rà lè rí òkèèrè, etí ẹ̀ ò lè bá ojú ẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Ẹ dúró síbi tí ẹ wà yẹn, kí n sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ máa rí ètè mi tó ń mì, ẹ ò ní mọ nǹkan tí mò ń wí."

"Kí ló dé tí wàá fi máa sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́? Ṣé olè ni ẹ́?"

"Ìyá ló ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Àgbà ni wọ́n."

Ìyá Ọ̀ṣunbíyìí tó jókòó láàárín wọn nínú aṣọ òfì rẹ̀ tó ti pẹ́ nínú àpótí wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé èmi ni ẹ fẹ́ ká ni, àbí ìjà yín? Tó bá jẹ́ ìjà yín ni, ẹ jẹ́ n lọ bọ́ aṣọ yìí sílẹ̀, ó ń yún mi."

Ìyá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ká fíìmù òun. Àwọn ènìyàn ti ká ti Àyànníyì, ará àdúgbò rẹ̀, nígbà tí wọ́n sin ín, wọ́n sì pe Ìyá wá wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà dé òpin, ìjẹun ni. Ẹni tó ń họ eegun, ẹni tó ń tọrọ omi, ẹni tó ń di ẹran sínú báàgì. Ìyá wò ó tán, ó ní, "Òkú dà?" Wọ́n ní òkú ti wà nínú ilẹ̀. Bó ṣe dé ilé, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní òun ò fẹ́ fíìmù tí wọ́n ti máa fi òun ṣe àwáwí fún ẹran jíjẹ. Kí wọ́n ká òun nígbà tí ẹnu òun ṣì ń mì, kí òun sọ tẹnu òun, kí òun sì wò ó.

Kò sí ẹni tí iṣẹ́ yìí tún yẹ ju àwọn méjèèjì lọ. Ìyàndá ló ni àwòrán. Òun ni wọ́n máa ń pè bí ìnáwó bá wà, bó bá sì ti gbé kámẹ́rà lé èjìká báyìí, kò sí olóyè tí kò ní tún fìlà rẹ̀ dé. Gbọ́njúbọ́lá ló ni ohùn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ń wò ó lórí fóònù, ó ń ba nǹkan jẹ́, ó ń tún un ṣe, títí ó fi mọ̀ ọ́n. Òun ló ń gba ohùn àwọn akọrin Áńgílíkà sílẹ̀. Òun ló ń gba ohùn àwọn eléwé ọmọ tó ń fi ọ̀kadà polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kiri oko. Bí àwọn onífíìmù bá wá láti Ìbàdàn láti wá ká eré nínú abúlé, tí etí kámẹ́rà wọn bá gbọ́ atẹ́gùn àti àkùkọ nìkan, òun náà ni wọ́n máa ń wá wò kí ó lè bá wọn gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Yàrá ọ̀nà ilé Ìyá ni ó ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Yàrá náà kọjú sí títì. Ibẹ̀ ni Ìyá ti ta epo pupa títí agbára fi tán, owó epo yẹn náà ló sì fi kọ́ ilé ọ̀hún látòkè délẹ̀, ọkọ kan ò bá a gbé búlọ́ọ̀kù kan. Nígbà tí Gbọ́njúbọ́lá kó kúrò nílé ọkọ, tó dé pẹ̀lú báàgì kan, Ìyá kó àgbá epo tó kù jáde, ó ní kí ó wọlé. Gbọ́njúbọ́lá wá àwọn fóòmù tí ènìyàn ti sùn gbó, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri yíká kí ohùn má baà máa ta padà. Ní Erúnmu, wọ́n ní ọmọ elépo ti ya wèrè, pé ògiri ló ń tẹ́ ibùsùn fún. Yàrá yẹn ni oúnjẹ rẹ̀, òun náà ni orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá gba yàrá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún di ẹni tó dé pẹ̀lú báàgì kan.

Ìyàndá náà fẹ́ yàrá yẹn. Ó fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n ńlá síbẹ̀, kí àwọn ènìyàn máa wá wo bọ́ọ̀lù. Ó ti sọ ọ́ lójú Ìyá rí, Ìyá ní, "Jẹ́ n kú ná." Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí ti ń ṣọ́ra, tí kò sì sọ ọ́ mọ́.

Nísinsìnyí, ohun tó wá sọ ìjà òwúrọ̀ yẹn di ńlá kò ju pé Gbọ́njúbọ́lá ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tó fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Iṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ò mọ ara wọn. Ọ̀kan ń rí, ọ̀kan ń gbọ́. Ẹni tó bá máa so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí ojú rí tí etí sì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan síwájú kámẹ́rà. Níbi tí ọwọ́ bá ti pàdé nínú àwòrán, ibẹ̀ ni wọn yóò gbé ìró "pá" sí. Bí ìyẹn bá ti bọ́ sí i, gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù á bọ́ sẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, bí ilẹ̀kùn tó wọ àtẹ́rígbà.

Ṣùgbọ́n ilé Ọ̀ṣunbíyìí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ sójú ènìyàn. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n bá pa sókè lójú ẹlòmíràn, èébú orogún ni. Òun ni obìnrin máa ń pa nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀, tí ó kù kí ó sọ fún ọ pé o ò já mọ́ nǹkan kan. Orogún tó bá pa á sójú orogún, wọ́n á jọ wà á kò. Èwo ni ti ọmọ tó pa á sójú ìyá? Ní Erúnmu, wọ́n á wá omi, wọ́n á wá obì, ọ̀rọ̀ náà ò sì ní tán.

"O fẹ́ pàtẹ́wọ́ sójú ìyá tó bí ẹ!" Ìyàndá lọgun. "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí! Ìwọ dálémosú yìí!"

"Ẹ̀gbẹ́ ni mo fẹ́ ti pa á. Iṣẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mi ò mọ̀ ọ́n! Kámẹ́rà mi ò gba àtẹ́wọ́, ojú àti etí ẹ̀ inú orí kan náà ni wọ́n wà!"

Ìyá ní, "Gbọ́njú, ẹ̀gbẹ́ ni o, iwájú ni o, má pa á. Ẹni tó bá kọjá lójú títì ò ní mọ̀ pé iṣẹ́ ni."

Gbọ́njúbọ́lá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Ìyá. Tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, màá fi ṣíbí lu abọ́ kan níwájú kámẹ́rà. Ìyẹn náà á ṣe é." Ó kúnlẹ̀, ó tẹ rẹ̀kọ́dà náà kí ó máa gbọ́, ó sì ká a sínú ìborùn Ìyá, lókè àyà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i.

"Ṣé ó ti ń gbọ́ báyìí?"

"Ó ń gbọ́, Ìyá. Kò ní dákẹ́ àfi tí mo bá pa á."

"Ó sàn ju ọmọ lọ," Ìyá wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìyá sọ bí ó ṣe ń ti Erúnmu ru epo lọ sí ọjà Ìbàdàn kí ó tó di pé ọkọ̀ ń wá. Ó sọ ti ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún un tí ó jẹ́ ẹrẹ̀, tí ó fi èèpo èkùrọ́ dí i. Ó dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú, ó bú méjì nínú wọn. Ojú rẹ̀ là, ohùn rẹ̀ kéré, bí ẹni ń bá ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ni ẹ̀rọ gàrí bá lọgun lẹ́yìn ògiri.

Ẹ̀rọ Safwan ni. Ó ń rin ẹ̀gẹ́ fún gbogbo àdúgbò, bó bá sì bẹ̀rẹ̀, àwo inú ilé a máa gbọ̀n lórí tábìlì. Gbọ́njúbọ́lá dìde. "Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Dúró fún kí ni? Ìyá, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Kámẹ́rà mi ń gbọ́ yín."

"Kò lè gbọ́ wọn. Èmi tí mo wà níbí ń fi agbára gbọ́ wọn."

"Ìwọ ni etí ẹ dí!"

Kò bá a jiyàn mọ́. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ bẹ Safwan.

Safwan ń fi igi ti ẹ̀gẹ́ sínú ẹ̀rọ, ìyẹ̀fun ti bò ó dé ìpéǹpéjú, àwọn obìnrin sì tò lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọpọ́n. Gbọ́njúbọ́lá pariwo sí i létí. Òun náà pariwo padà.

"Wọ́n ń ká Ìyá nínú fíìmù? Áà! Alhamdulilahi! Ṣé mo lè bọ́ sí i?"

"Ohun tí ò jẹ́ kí o bọ́ sí i náà nìyí! Pa ẹ̀rọ!"

"Àǹtí, ẹ wo àwọn ìyá yìí, tí mo bá pa á báyìí, èmi ni wọ́n máa rin. Ẹ jẹ́ n parí ti ọpọ́n yìí."

Obìnrin tó ni ọpọ́n náà ní òun ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, pé fíìmù kì í ṣe gàrí. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kí wọ́n pa á jàre, pé Ìyá Ọ̀ṣunbíyìí ló ta epo fún ìyá òun ní àwìn nígbà tí kò sí owó lọ́wọ́. Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rọ ń fa tirẹ̀. Nígbà tí ọpọ́n yẹn tán, Safwan pa á, ìdákẹ́jẹ́ sì sọ̀kalẹ̀ sórí àdúgbò bí aṣọ. Gbọ́njúbọ́lá dúpẹ́, ó sáré padà.

Ó bá Ìyàndá tó ń ká irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá ti yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí ògiri.

"Wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán," Ìyàndá wí. Kò wojú rẹ̀.

"Láìsí èmi?"

"Ìwọ ni kámẹ́rà ni?"

"Mi ò tíì lu abọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé e ka ibẹ̀ padà, ìṣẹ́jú kan ni."

"Lọ máa lu abọ́ nínú yàrá ẹ." Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ há abíyá, ó bọ́ sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Kò béèrè rẹ̀kọ́dà. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹni tó ni ín ò dúró tì, oorun ló ń sùn. Bí kámẹ́rà ńlá ò bá sì gbọ́ nǹkan kan nínú ariwo yẹn, kí ni ọmọ ìṣáná máa gbọ́?

Ìyá yọ rẹ̀kọ́dà náà kúrò nínú ìborùn, ó nà án sẹ́yìn láì yí ojú padà. "Gba nǹkan ẹ. Ọ̀rọ̀ yàrá, mo ti sọ ọ́ síbẹ̀."

Ọjọ́ kejì ni Gbọ́njúbọ́lá fi íápíìsì sí etí nínú yàrá onífóòmù, tó gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ gàrí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lókèèrè, bí òjò tó ń rọ̀ ní ìlú ẹlòmíràn. Iwájú ni ohùn Ìyá wà, tó mọ́ ketekete. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yàrá. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbọ́ ìró kan. Ó gbọ́ ohun tí Ìyá sọ lẹ́yìn ìró náà, ó sì yọ íápíìsì náà kúrò ní etí, ó gbé e sórí ẹsẹ̀.

Ó lọ bá Ìyá níbi tó ti ń ṣa ẹ̀fọ́. "Ìyá, mo ti gbọ́ ọ tán. Ṣé kí n pa ibi tó gbẹ̀yìn yẹn rẹ́?"

Ìyá ṣa ewé díẹ̀ sí i. "Má pa á rẹ́. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Ọmọ mi náà ni. Àfi tó bá jẹ́ òun ló fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé kí o ṣí i."

"Kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé."

"O ò mọ Ìyàndá," Ìyá wí. "Èmi ni mo bí i."

Kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, Ìyá ti kú. Ó mu ẹ̀kọ òwúrọ̀, ó ní kí wọ́n bá òun ká ìborùn, kò sì dìde mọ́. Wọ́n sin ín, wọ́n jẹun, Ìyàndá sì ká gbogbo ìjẹun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí ìnáwó tán, tí àwọn ará ọ̀nà jíjìn ti lọ, Ìyàndá mú káfíńtà wá wọn yàrá ọ̀nà. Gbọ́njúbọ́lá bá a níwájú ilẹ̀kùn, ó gba okùn ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́ káfíńtà, ó sì sọ ọ́ sójú títì. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe dé iwájú Baba Fárìndé, àbúrò Ìyá tó kù láyé, tó jẹ́ olórí ẹbí.

Wọ́n jókòó ní pálọ̀ Ìyá lọ́sàn-án. Baba Fárìndé wà lórí àga Ìyá. Wùnmí ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé àwọn Baptist, jókòó tì í. Àwọn ẹbí yòókù tò sára ògiri. Ìyàndá fúnra rẹ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n wá láti ilé rẹ̀.

"Ìyá ò fún un ní yàrá," ó wí. "Èmi ni mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, òun ò sí níbẹ̀. Fíìmù nìyí. Mi ò gé nǹkan kan níbẹ̀, bí Baba ṣe ní kí n gbé e wá náà ni. Ẹ fi etí ara yín gbọ́."

Wọ́n wò ó. Ìyá ń sọ̀rọ̀ epo, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí i gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ gàrí bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn mọ́. Gbùrùgbùrù, gbùrùgbùrù. Ètè Ìyá ń lọ, ó ń bọ̀. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà yàrá iwájú. Lẹ́yìn náà, Ìyàndá bọ́ síwájú kámẹ́rà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ sókè, wọ́n pàdé, Ìyá gbé orí sẹ́yìn, ó gbójú sókè, ètè rẹ̀ tún mì. Fíìmù pin.

"Ṣé ẹ gbọ́ yàrá níbẹ̀?" Ìyàndá bi wọ́n. "Ẹnikẹ́ni gbọ́ yàrá?"

"Ẹ̀rọ Safwan la gbọ́," Baba Fárìndé wí. "Kámẹ́rà ẹ ò ha létí ni?"

"Kámẹ́rà ò létí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, Baba. Ojú ni iṣẹ́ kámẹ́rà."

Gbọ́njúbọ́lá wò ó.

"Kí lo ń ṣe níparí ibẹ̀ yẹn?" Wùnmí béèrè. "Tó o gbọ́wọ́ sókè?"

"Ewúrẹ́ ni mo ń lé."

"Ewúrẹ́ dà?"

"Ó wà lábẹ́ àga Ìyá."

"Ewúrẹ́ wà lábẹ́ àga, ìwọ ń pàtẹ́wọ́ lókè níwájú Ìyá. Ṣé ewúrẹ́ tó ń fò ni?"

Àwọn tó wà lára ògiri rẹ́rìn-ín. Ìyàndá ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n. "Wùnmí, ewúrẹ́ ni. Ta ni yóò pàtẹ́wọ́ sójú ìyá tó bí i? Kí ilẹ̀ yìí gbọ́."

Ni Gbọ́njúbọ́lá bá yọ rẹ̀kọ́dà, ó so ó mọ́ sípíkà kékeré, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Ìyá jáde sí pálọ̀ náà bí ẹni pé ó ti yàrá bọ́ síta. Obìnrin kan lára ògiri di ẹnu mú. Ohùn náà ní, "Yàrá ọ̀nà tí mo ti ta epo yìí, Gbọ́njúbọ́lá ni mo fún. Àwọn yàrá yòókù, kí Ìyàndá mú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má lé Gbọ́njú jáde ńbẹ̀." Gbọ́njúbọ́lá pa á kíá.

"Ayé mi!" Ìyàndá fò dìde. "Kọ̀ǹpútà ni! Baba, ẹ̀yin ò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ń ṣe ohùn òkú báyìí ni? Wọ́n ń fi ohùn ẹni tó ti kú polówó oògùn lórí fóònù! Iṣẹ́ ohùn sì ni iṣẹ́ ẹ̀! Kí ni kò lè ṣe nínú yàrá onífóòmù yẹn? Bó bá wù ú, á mú kí Ìyá kọrin!"

Baba Fárìndé yí sí Gbọ́njúbọ́lá. "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwòrán wà níbí, kò ní ohùn. Ohùn wà níbí, kò ní àwòrán. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹnu Ìyá ló ti jáde?"

"Kí Ẹ̀gbọ́n fún mi ní àwòrán náà, Baba. Màá so méjèèjì pọ̀ lójú gbogbo yín."

Ìyàndá rẹ́rìn-ín. "Fi kí ni so ó? Ṣé o pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni? O lu abọ́? Ẹ̀yin ẹbí, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó lè so ó pọ̀. Òun ò pa á." Ó ju mẹ́mórì kámẹ́rà náà sí i lórí ẹsẹ̀. "Gbà. So ó."

Gbọ́njúbọ́lá ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Ó gbé àwòrán lé orí, ó gbé ohùn sí abẹ́. Ó fa àwòrán lọ síbi tí ọwọ́ Ìyàndá ti pàdé, ó wá fa ohùn títí tí ìlà ìró kan tó ga ṣóńṣó fi bọ́ sí abẹ́ ọwọ́ náà gẹ́lẹ́. Wùnmí na ọrùn wò ó. Gbọ́njúbọ́lá so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó dá a padà sẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, Ìyá ya ẹnu. "Yàrá ọ̀nà," ohùn wí, ètè wí. "Gbọ́njúbọ́lá ni mo fún." Ọwọ́ rẹ̀ nà lọ sí ọ̀nà yàrá bí ó ṣe ń dárúkọ rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣáájú ètè, kò sí èyí tó kẹ́yìn rẹ̀. Gbọ́njúbọ́lá tẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Ìyàndá inú tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ síwájú kámẹ́rà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lókè.

"Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni," Baba Fárìndé wí. Ojú rẹ̀ ti rọ̀. "Ó tó."

"Kò tó!" Ìyàndá ti dé iwájú tẹlifíṣọ̀n. "Kí ló dé tó fi dá a dúró níbẹ̀? Ẹ bi í! Ibi tó gé e sí nìyẹn! Ibi tí irọ́ ẹ̀ dé nìyẹn! Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ó lọ títí dé òpin bí tèmi ṣe lọ dé òpin!"

"Ẹ̀gbọ́n," Gbọ́njúbọ́lá wí, "ẹ jẹ́ kó mọ níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín."

"Ẹ rí i! Ó ń bẹ̀ mí! Ẹ̀rù ń bà á!"

"Ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀ nítorí ara yín. Ẹ mú yàrá yòókù, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

"Ìwọ dálémosú tó ń gba ohùn fún alágbo, ìwọ lo fẹ́ máa ṣàánú mi? Tẹ̀ ẹ́!"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n? Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ kí Baba gbọ́."

"Èmi Ìyàndá ni mo sọ ọ́! Tẹ̀ ẹ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ìyàndá inú tẹlifíṣọ̀n gbé ẹsẹ̀ kejì, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ àga, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete. "Ẹ máa fún un lọ! Ẹ̀rọ gàrí ló ń gbọ́ yín, kámẹ́rà mi ò gbọ́ nǹkan kan!" Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ sókè, wọ́n pàdé níwájú imú Ìyá.

Pá!

Orí Ìyá lọ sẹ́yìn. Ó gbójú sókè, ó wo ẹni tó dúró sí iwájú rẹ̀.

"Ìyàndá," ó wí, "ojú èmi tí mo bí ọ lo pàtẹ́wọ́ sí."